Ọkọ̀ Tí Kò Tíì Bàjẹ́ Ni À Ń Tọ́jú

Èrò kan gbilẹ̀ láàárín àwọn tó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, ó sì ti pẹ́ débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà á sí èrò mọ́, òtítọ́ tí kò gba àríyànjiyàn ni wọ́n kà á sí: pé ọkọ̀ tí kò bá tíì bàjẹ́, kí a má fọwọ́ kàn án, pé sáfíìsì jẹ́ àṣà àwọn olówó, àti pé ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ owó ná ní láti máa sún ìtọ́jú ọkọ̀ síwájú títí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ yóò fi sọ ohun tó ń dùn ún. Àròkọ yìí tako èrò náà. Ohun tó fẹ́ fi hàn ni pé ìsúnsíwájú yẹn gan-an ló ń sọ ọkọ̀ di ajẹwó, pé ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ni sáfíìsì tọ́ sí jù, àti pé púpọ̀ nínú owó tí àwọn ènìyàn ń san lónìí ní orúkọ sáfíìsì kò bá ohun tí ọkọ̀ ń fẹ́ mu.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń pò pọ̀. Àtúnṣe ni iṣẹ́ tí a ń ṣe lára ọkọ̀ lẹ́yìn tí nǹkan ti fọ́, tàbí tó ti jó, tàbí tó ti dẹnu kọlẹ̀. Ìtọ́jú, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sáfíìsì, ni pípààrọ̀ àwọn ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọn yóò gbó tàbí tán, ní àkókò tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ti là kalẹ̀, kí wọ́n tó ba ohun tó wọ́n jù wọ́n lọ jẹ́. Inú ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ owó wà, nítorí pé ohun tí ìtọ́jú ń pààrọ̀ jẹ́ ohun olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n dìídì ṣe kí ó lè jìyà dípò ohun olówó gọbọi: ọ́ìlì ń gbó kí irin má baà máa ha irin, fíltà ń dọ̀tí kí inú ẹ́ńjìnnì lè mọ́, páàdì bíréèkì ń tán kí àwo irin tó ń fún mọ́ lè pẹ́.

Èrò tí a ń tako yìí kì í ṣe èrò òmùgọ̀, kò sì yẹ kí a fojú tín-ín-rín àwọn tó fi í lélẹ̀. Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Èkó àti ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Nàìjíríà, lórí Beetle, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ìjàpá nítorí bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rí, àti lórí Peugeot 504, ni ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ́ ọ̀gá mẹkáníìkì òde òní níṣẹ́ sì ti mọ iṣẹ́. Beetle kò ní rédíétọ̀ rárá, afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Kò ní fíltà ọ́ìlì bí ti òde òní, asẹ́ wáyà kékeré kan ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kábúrétọ̀, èyí tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, àti kọ́ńtáàtì, èyí tó ń rán iná sí plọ́ọ̀gì, máa ń yẹ̀ kúrò ní ipò wọn láti ìgbà dé ìgbà, ẹni tí etí rẹ̀ bá sì mú, tó ní sáńpépà lọ́wọ́, lè dá wọn padà sí ipò lábẹ́ igi máńgòrò. Ní irú ayé bẹ́ẹ̀, kí ènìyàn dúró kí ọkọ̀ sọ ohun tó ń ṣe é kì í ṣe àṣìṣe ńlá, nítorí pé ọkọ̀ máa ń sọ̀rọ̀ pẹ́ kí ó tó kú.

Ọkọ̀ tó kún ojú títì lónìí kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Nínú Corolla, Camry, Accord tàbí Sienna tí wọ́n kó wọlé ní tókunbọ̀, kọ̀ǹpútà ló ń díwọ̀n epo tó yẹ kí ó wọ ẹ́ńjìnnì, òun náà ló ń pinnu ìgbà tí plọ́ọ̀gì yóò ṣẹ́ná. Orí ẹ́ńjìnnì, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tọ́ọ̀pù, jẹ́ alumíníọ̀mù, tó fúyẹ́ ju irin lọ ṣùgbọ́n tí àpọ̀jù ooru tètè ń tẹ̀. Nínú ètò tí Toyota ń pè ní VVT-i, agbára ọ́ìlì fúnra rẹ̀ ló ń yí àkókò tí àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké orí ẹ́ńjìnnì ń ṣí padà, gẹ́gẹ́ bí eré ọkọ̀ bá ṣe rí. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í sábà kígbe nígbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í jìyà. Kọ̀ǹpútà yóò máa bo àléébù mọ́lẹ̀ nípa fífi epo kún un tàbí dídín in kù, ọkọ̀ yóò sì máa lọ geere, títí di ọjọ́ tí ohun tó ti ń bàjẹ́ láti oṣù pípẹ́ yóò fojú hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àìtètèmólè, olè ń mólóko: ẹni tó ń dúró de ariwo kí ó tó tọ́jú irú ọkọ̀ yìí ń dúró de ohun tó jẹ́ pé ẹ̀yìn òfò ló máa ń dé.

Kí a fi ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ṣe ẹ̀rí àkọ́kọ́, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àwọn mọ̀ dáadáa. Iṣẹ́ ọ́ìlì kì í ṣe kí irin má ha irin nìkan; ó ń gbé ooru kúrò níbi tí omi kò lè dé, ó ń gba èérí dúdú àti èérún irin mọ́ra lọ sínú fíltà, àwọn èròjà tí wọ́n pò mọ́ ọn sì ń pa oró ásíìdì tí epo jíjó ń bí. Àwọn èròjà wọ̀nyí ló ń tán. Ọ́ìlì tó ti pẹ́ jù lè ṣì dé ojú àmì lórí ọ̀pá ìwọ̀n, kí ó sì jẹ́ pé ohun tó ṣẹ́kù níbẹ̀ kò ní agbára kankan mọ́. Bó bá tún pẹ́ sí i, yóò di ẹrẹ̀ tó ń dí àwọn ihò tóóró tí ọ́ìlì ń gbà gòkè. Nítorí náà, àṣà kí a máa bu díẹ̀ kún ọ́ìlì nígbàkígbà tó bá fà, láì da ti àtijọ́ nù, kì í ṣe ìtọ́jú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń tu olówó ọkọ̀ nínú.

Àṣìṣe kejì lórí ọ́ìlì gba àlàyé, nítorí pé ooru ilẹ̀ wa ni wọ́n fi ń gbè é lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ wa gbóná, nítorí náà ọ́ìlì tó ki ló bá a mu, wọ́n sì ń da 20W-50 tàbí SAE 40 sínú gbogbo ẹ́ńjìnnì tó bá yà lọ́dọ̀ wọn, láì wo ìdérí ojú ihò ọ́ìlì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Toyota ti kọ 5W-30 tàbí 0W-20 gàdàgbà. Nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn tó nígbà tó bá tutù, W fúnra rẹ̀ sì dúró fún ìgbà òtútù. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ń sọ bí ó ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná dé ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì. Ọ̀kan náà ni ìwọ̀n 100 yìí ní Ṣakí àti ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí pé ẹ́ńjìnnì ló ń mú ọ́ìlì gbóná tó bẹ́ẹ̀, kì í ṣe oòrùn. Òtítọ́ ni pé àwọn ìwé ọkọ̀ kan tí wọ́n kọ fún ilẹ̀ olóoru fàyè gba ọ́ìlì tó ki díẹ̀ ju ti ilẹ̀ òtútù lọ, ẹni tí ìwé ọkọ̀ rẹ̀ bá sì sọ bẹ́ẹ̀ kò jẹ̀bi tó bá tẹ̀ lé e. Ohun tí kò tọ́ ni kí a sọ ọ́ di òfin fún gbogbo ọkọ̀. Ọ́ìlì tó ki jù ń pẹ́ kí ó tó gun orí ẹ́ńjìnnì láàárọ̀, ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá tí irin ń ha irin jù lọ. Ó ń mú ètò VVT-i lọ́ra, ó sì ń jẹ́ kí ọkọ̀ mu epo bẹntiróòlù ju bó ṣe yẹ lọ.

Àkókò tó yẹ kí a pààrọ̀ ọ́ìlì náà ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Máìlì ni ọkọ̀ tókunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ń kà, kì í ka kìlómítà, 5,000 máìlì sì ju 8,000 kìlómítà lọ díẹ̀, nítorí náà ẹni tó gbọ́ nọ́ńbà kan lẹ́nu mẹkáníìkì láì béèrè èwo nínú méjèèjì ni kò mọ ibi tó ń lọ. Ìwé ọ̀pọ̀ Toyota ti Amẹ́ríkà kọ 10,000 máìlì tàbí oṣù 12 fún ojúlówó ọ́ìlì síńtẹ́tíìkì 0W-20, ṣùgbọ́n ìwé kan náà sọ pé kí a gé e sí ìdajì fún ọkọ̀ tó ń rìn nínú eruku tàbí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ pẹ́ lójú kan. Ta ni ìwé náà ń bá wí bí kò ṣe awakọ̀ Èkó àti Ìbàdàn? Afárá Third Mainland kò gùn tó kìlómítà 12. Ọkọ̀ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá dúró lórí rẹ̀ fún wákàtí méjì kò ní fi ju kìlómítà 12 kún ohun tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ wákàtí méjì gbáko ni ọ́ìlì inú rẹ̀ fi jóná láì rí atẹ́gùn tó tó. Oṣù ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹ kó máa kà, kì í ṣe kìlómítà nìkan.

Ibi tí èrò tí a ń tako ti ṣe ìparun jù lọ ni ètò tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù. Tẹ́mósítáàtì jẹ́ ilẹ̀kùn kékeré kan lójú ọ̀nà omi láàárín ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀. Ìda wà nínú rẹ̀. Nígbà tí omi bá gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 82, ìda náà a yọ́, a wú, a sì ti ilẹ̀kùn ṣí, kí omi gbígbóná lè lọ gba afẹ́fẹ́ nínú rédíétọ̀. Kí ó tó dé ìwọ̀n náà, ilẹ̀kùn wà ní títì kí ẹ́ńjìnnì lè tètè móoru. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì nílẹ̀ wa ni pé àwọn òyìnbó ló ni tẹ́mósítáàtì, pé ilẹ̀ oníyìnyín ló nílò rẹ̀, kí a yọ ọ́ sọ nù kí omi lè máa ṣàn fàlàlà. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Ooru Kuwait àti ti Dubai a máa kọjá ìwọ̀n 45 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, nígbà tí ti Èkó kì í sábà kọjá 35, síbẹ̀ tẹ́mósítáàtì wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń tà fún wọn níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: àti 35 àti 45, méjèèjì ló jìnnà sí 82, nítorí náà ojú ọjọ́ ilẹ̀ wa, bó ti wù kó mú tó, kò lè fún ẹ́ńjìnnì ní ooru tí wọ́n ṣe é láti fi ṣiṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n bá yọ tẹ́mósítáàtì kúrò, ẹ̀rọ tó ń wọn ooru omi yóò máa sọ fún kọ̀ǹpútà pé ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, kọ̀ǹpútà yóò sì máa da epo sí i bí ìgbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tají láàárọ̀. Omi tí epo jíjó ń dá sínú ọ́ìlì, tó yẹ kí ooru lé jáde, yóò dúró síbẹ̀, ọ́ìlì yóò sì tètè bàjẹ́. Iná ẹ́ńjìnnì yóò tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ìwádìí yóò sì gbé jáde nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni P0128, tó túmọ̀ sí pé omi ẹ́ńjìnnì kò gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ: ọkọ̀ náà ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá tẹ́mósítáàtì òun padà, olówó rẹ̀ sì ń sanwó fún ẹlòmíràn kí ó wá pa iná náà. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, ọ̀rọ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé tẹ́mósítáàtì kan náà ló ń dí ọ̀nà àbùjá tí omi lè gbà yípo láì dé ọ̀dọ̀ rédíétọ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́, omi gbígbóná yóò máa gba àbùjá, ọkọ̀ tí wọ́n ní àwọn ń gbà lọ́wọ́ ooru yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Omi tí wọ́n ń dà sínú rédíétọ̀ jẹ́ ìkejì ọ̀rọ̀ yìí. Kúláǹtì, omi aláwọ̀ tí wọ́n ń tà nínú ike, kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi tètè hó, òmíràn sì wà tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà tàbí kí alumíníọ̀mù jẹrà. Omi bọ́họ̀ọ̀lù kò ní ọ̀kankan nínú wọn, iyọ̀ àti ẹfun ilẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ló sì ń di èèpá mọ́ ara àwọn ọ̀pá tóóró inú rédíétọ̀, bí ó ti ń ṣe nínú kẹ́tù tí a fi ń se omi. Omi tó pọ́n bí ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń rí nígbà tí wọ́n bá ṣí rédíétọ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí ojú ọ̀nà, ara ẹ́ńjìnnì ni ó ń yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Kúláǹtì ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti Toyota, lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀, ni wọ́n ṣírò pé ó lè lo 50,000 máìlì tàbí ọdún 5, èyí tó túmọ̀ sí pé nínú gbogbo ohun tí a ń rà fún ọkọ̀, bóyá ni òmíràn wà tó kéré lówó tó o bí a bá pín owó rẹ̀ sórí oṣù tó fi ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ tí omi bá sì gbẹ, tí ọwọ́ ìwọ̀n ooru gòkè, ìwà tó tẹ̀ lé e ni pípa ọkọ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà àti bíbu omi tútù dà sínú ẹ́ńjìnnì tó ń hó. Àwọn ọmọ Ògún tó ń rọ irin mọ̀ pé irin pípọ́n tí a bá bu omi lù lójijì lè sán, ohun tí alágbẹ̀dẹ mọ̀ yìí kò sì yẹ kí ó ṣàjèjì sí ẹni tó ń fi irin rìn. Tọ́ọ̀pù a tẹ̀, gáskẹ́ẹ̀tì abẹ́ rẹ̀ a jó, omi àti ọ́ìlì a dàpọ̀ di bí ògì. Láti ibẹ̀ ni olówó ọkọ̀ yóò ti gba ọjà Ládípọ̀ lọ, ní Mushin, láti ra ẹ́ńjìnnì tókunbọ̀ tí kò sí ẹni tó mọ ìtàn rẹ̀, nítorí tẹ́mósítáàtì kan àti ike kúláǹtì méjì.

Níbi tí wọn kò ti náwó síbi tó yẹ, ibi tí kò yẹ ni wọ́n ń ná an sí. Plọ́ọ̀gì irídíọ̀mù tó wà nínú ọ̀pọ̀ Corolla àti Camry ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní kí a lò dé 120,000 máìlì, ṣùgbọ́n àṣà ayé Beetle ṣì ń mú kí wọ́n máa tú u ní gbogbo ìgbà sáfíìsì, kí wọ́n fi sáńpépà ha ẹnu rẹ̀ tó tín-ín-rín, kí wọ́n sì fi èyí tó gbówó lórí ṣòfò. Bẹ́ẹ̀ náà ni pípààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn pẹ̀lú ìméfò, bẹ́ẹ̀ gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní ojú ihò kan náà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tí ẹ̀rọ ìwádìí kékeré yóò ti ka ohun tó ń ṣe é jáde.

Àwọn ohun ìtọ́jú yòókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Sienna tó jáde láàárín 2004 sí 2006 ń lo bẹ́líìtì táímìǹgì, kì í ṣe ṣéènì, 90,000 máìlì sì ni òpin rẹ̀. Ẹni tó bá ra irú rẹ̀ láti fi na ọ̀nà jíjìn kò gbọ́dọ̀ dúró kí ó já, nítorí pé ọjọ́ tó bá já ni ẹ́ńjìnnì yóò kú sójú ọ̀nà, ó sì lè fọ́ ara rẹ̀. Ọ́ìlì gíà ọ́tò ní orúkọ tirẹ̀ fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, a kì í sì í fi àwọ̀ mú un. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn àkọlé DOT lára táyà ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, 2319 sì túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019.

Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn èrò àtijọ́ ní èsì mẹ́ta. Èkíní ni pé owó kò sí, pàápàá láti àárín ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí náírà sì já wálẹ̀, tí ohun gbogbo tó ń ti òkè òkun wá sì gbówó lórí. Òtítọ́ ni, òtítọ́ yìí kan náà ló sì dá wọn lẹ́bi, nítorí pé òkè òkun ni ẹ́ńjìnnì àti gíà ti ń wá, owó wọn sì ti lọ sókè ju agbára olówó oṣù lọ. Ẹni tí kò ní owó ọ́ìlì kò lè ní owó ẹ́ńjìnnì.

Èsì kejì lágbára jù ú lọ: pé mẹkáníìkì tó fọwọ́ kan ohun kan máa ń ba òmíràn jẹ́, àti pé ẹni tó bá mú ọkọ̀ tó dára lọ fún sáfíìsì lè mú aláàárẹ̀ bọ̀ wálé. Ó ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó bàjẹ́ pátápátá lọ́sàn-án gangan lójú títì Èkó sí Ìbàdàn ni yóò sọ olówó rẹ̀ di ẹrú fún mẹkáníìkì tó bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀, nígbà tí ẹni tó lọ ní ọjọ́ tó yàn fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ọ́ìlì àti fíltà tó fọwọ́ ara rẹ̀ rà, tó dúró wò ó, tó sì gba ohun àtijọ́ tí wọ́n yọ padà, ló ní ẹnu láti sọ pé kí wọ́n má ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èsì kẹta ni ti ayédèrú ọ́ìlì, ti ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, èyí tí wọ́n ti lò rí, tí àwọn kan ń sẹ́ tí wọ́n sì ń dà padà sínú ike tuntun. Èyí ní ìtọ́jú tirẹ̀: kí a rà á lọ́dọ̀ aṣojú ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kí a sì gún ike tó bá ṣófo kí ó tó kúrò níwájú wa. Ewu ayédèrú kò sọ ọ́ìlì tó ti gbó di rere.

Ìwé tí wọ́n kọ fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣì wà nínú pijinhóòlù ọ̀pọ̀ tókunbọ̀, ti àwọn tó sọ nù sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí olówó ọkọ̀ ṣí i sí ojú ewé ìtọ́jú, kí ó ra ìwé ìkọ̀wé kékeré kan tí yóò máa kọ ọjọ́, máìlì àti ohun tí wọ́n pààrọ̀ sí, kí ó sì fi ìwé méjèèjì síbì kan náà. Ẹni tí wọ́n bá ti yọ tẹ́mósítáàtì ọkọ̀ rẹ̀, kí ó dá a padà kí oṣù yìí tó parí, kí ó da omi ilẹ̀ tó wà nínú rédíétọ̀ nù, kí ó fi kúláǹtì rọ́pò rẹ̀, kí ìyẹn sì jẹ́ ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé ìkọ̀wé náà.